Ajá Ti Wagdi Mọ́ Fàráńdà

Nígbà tí Ọlọ́run ń pín ẹnu fún ẹ̀dá, Wagdi gba tiẹ̀ tán, ó tún lọ tò sẹ́yìn ìlà. Wọ́n ní ẹnu òfìfo kì í dún yànmùyànmù. Ẹni tó pa òwe yẹn kò dé ibùdó takisí tí Wagdi ti ń wakọ̀ ní ìlú Alẹkisáńdíríà rí ni. Bó bá ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á máa fò lókè bí ẹyẹ òkun tó rí ẹja. Kò sí ohun tí kò ṣe rí. Nígbà tó ń ṣe ṣọ́jà, ojú lásán ló fi lé ìkookò ní aginjù! (Ẹ̀wà ló ń sè fún wọn ní bárékè, ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ.)

Lọ́jọ́ kan, ibi tó ti ń fa ṣíṣà, tábà inú ìgò omi, ní ilé kọfí ni Inas ti wọlé. Inas ni ọmọbìnrin tó ń kó àwọn ajá ìgboro tí ìyà ti jẹ mọ́ra, tó ń tọ́jú wọn lẹ́yìn rélùwéè. Ó ń wá ẹni tó máa gba ajá kan báyìí, Ṣáttà. Ata gígún ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ajá náà sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dáadáa. Gbogbo ẹni tó gbà á ló ti dá a padà. Àyè ọ̀dọ̀ Inas sì ti kún. Bí wọ́n bá tún dá a padà, ìgboro ló ń lọ, àwọn tó ń fi májèlé sínú ẹran fún ajá sì pọ̀ níbẹ̀.

"Ọ̀pá irin ni wọ́n fi ń lù ú tẹ́lẹ̀," ni Inas wí. "Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́wọ́ sókè, ó máa bá a jà, ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ má pariwo mọ́ ọn, ẹ má nà án. Bó bá ń kùn, ẹ má wojú ẹ̀. Bó bá ti ṣe jẹ́ẹ́, ẹ fún un ní ẹ̀dọ̀."

Wagdi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀dọ̀ kẹ̀? Fún ajá? Ọmọ mi, èmi tí mo lé ìkookò! Mú un wá. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, á máa gbé bàtà mi kiri."

Ó gbé bàtà lóòótọ́. Ẹsẹ̀ Wagdi ló ṣì wà nínú ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe wọ pálọ̀ ilé Wagdi báyìí, Wagdi dúró gbọnin, ó na ìka sókè bí ọ̀gágun, ó ké pé, "Jókòó!"

Ṣáttà ò jókòó. Ó fò. Wagdi náà fò! Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Wagdi já bàtà rẹ̀ gbà, ó ṣubú, ó wo ẹ̀yìn, ìdí ṣòkòtò rẹ̀ ló rí lẹ́nu ajá. Ó sá bọ́ sí fàráńdà òkè, ó ti ilẹ̀kùn onígíláàsì mọ́ ara rẹ̀ síta. Ṣáttà dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni o, ìgbà òjò àti òtútù níbẹ̀. Ìjì ń ti orí òkun bọ̀, òjò ń nà án bí ẹni pé ó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Màmá Tahani, ìyá àgbà tó ń gbé ilé òdìkejì, ṣí fèrèsé. "Wagdi! Kí lò ń ṣe nínú òjò?"

"Atẹ́gùn ni mò ń gbà, Màmá!"

"Tìwọ ti ìdí níta?"

"Ibẹ̀ gan-an ni ooru ti ń mú mi!"

Ìyàwó rẹ̀, Safinaz, ti ọjà dé. Ó ṣílẹ̀kùn, ó gbọ́ bí ajá ṣe ń kùn, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé, ó sọ̀kalẹ̀ padà sí ojú títì, ó fi orúkọ ọmọ wọn pe ọkọ rẹ̀. "Baba Karam, ajá yín ò jẹ́ n wọlé o!"

"Fara balẹ̀! Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́gun ẹ̀!"

"Ó hàn sí gbogbo àdúgbò!"

Safinaz pe Inas lórí fóònù. Kó tó dé, èrò ti kún abẹ́ fàráńdà. Inas gbójú sókè. "Ẹ gbọ́wọ́ sókè, àbí?"

"Díẹ̀ báyìí ni."

Wagdi fokùn sọ apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń fa búrẹ́dì sókè kalẹ̀ láti fàráńdà, Safinaz kó ẹ̀dọ̀ tó rà lọ́jà sínú ẹ̀, Wagdi sì fà á sókè.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn díẹ̀," ni Inas wí láti ìsàlẹ̀. "Ẹ kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dákẹ́? Ẹ ju ẹ̀dọ̀ sí i."

Wagdi lanu kó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní aginjù. Ajá kùn. Wagdi panu dé. Ajá dákẹ́. Ó tún gbọ́wọ́ sókè. Ajá fi eyín hàn. Ó kó ọwọ́ sábẹ́ abíyá. Ajá gbé ẹ̀dọ̀ mì. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Wagdi, ẹnikẹ́ni ò rí i kó dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ti wo ẹsẹ̀ ajá. Ó ń gbọ̀n. Ti òun náà ń gbọ̀n.

"Ìwọ náà?" ni Wagdi wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, ẹ̀dọ̀ kan lórí ẹ̀. Ṣáttà rá wá, ó lá ẹ̀dọ̀ náà, ó tún lá ìka mọ́ ọn. Nígbà tó yá, ó yẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, Wagdi sì fi ẹ̀gbẹ́ wọlé bí akàn.

Kò dá a padà o. Ó ń rẹ ohùn sílẹ̀, ó ń ki ọwọ́ bàpò, ó ń fún un ní ẹ̀dọ̀, títí ajá fi ń sùn lé e lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí Inas wá wò wọ́n, Wagdi ti gbàgbé fàráńdà pátápátá. "Ṣé o rí i? Ọgbọ́n inú ni! Mo ti kọ́ ajá yìí débi pé…"

Ṣáttà dìde, ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Wagdi fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lágbedeméjì, ó wọ ilé ìdáná lọ gbé ẹ̀dọ̀ fún un, ó padà wá jókòó.

"Níbo ni mo bá a dé? Ẹ̀n-ẹ́n, mo ti kọ́ ọ débi pé…"

Ṣáttà tún lọ jókòó. Wagdi tún dìde.

Safinaz mu tíì rẹ̀ díẹ̀. "Inas, ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ kó wọ ilé ìdáná. Ṣáttà kàn fìdí lélẹ̀ lásán ni, kò tiẹ̀ fún un ní ẹ̀dọ̀!"