Ilé Amọ̀ àti Fèrèsé Méjì

Màmá Alálejò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ilé amọ̀ tí bàbá bàbá rẹ̀ kọ́ ló sọ di ibi tí àwọn arìnrìn-àjò ń sùn. Òjò wá la ògiri ẹ̀yìn ilé náà, ó là débi pé èèyàn lè wà nínú yàrá kó máa kí ẹni tó ń kọjá níta. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ló gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba fẹ́ ran àwọn tó ń gba àlejò lọ́wọ́. Wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì ìjọba tí rédíò dárúkọ tó fi débẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí i, akọ̀wé kan ṣoṣo ló jókòó sẹ́yìn fèrèsé kìíní, ó ń fi ìdérí bírò ro etí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, akọ̀wé. Ìrànlọ́wọ́ tí ẹ pè wá fún ni mo bá wá."

"Ta ló pè yín?"

"Rédíò ni."

"Ẹ lọ bá rédíò."

Màmá gbé ìbínú mì. Ògiri ló ń rò.

Akọ̀wé fa ìwé kan yọ. "Àwọn tó ń ṣòwò ìrìn-àjò afẹ́ la ń ràn lọ́wọ́. Ìrìn-àjò wo lẹ ń rìn?"

"Èmi? Orúnkún mi ò jẹ́ kí n rìn dé ọjà. Àwọn èèyàn ló ń rìn wá bá mi."

"Kì í rìn." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Ilé tí ẹ ń gbà wọ́n sí ńkọ́?"

"Ogún ni."

Akọ̀wé gbójú sókè. "Ogún? Ẹ mà gbìyànjú." Ó kọ ọ́ síwájú ibi tí wọ́n ti béèrè iye yàrá.

"Bàbá bàbá mi ló fi sílẹ̀ fún bàbá mi, bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi."

"Gbogbo ogún náà?"

"Ṣé ààbọ̀ ni wọ́n ń jẹ nílé tiyín ni? Gbogbo ẹ̀."

"Kí ni wọ́n fi kọ́ ọ?"

"Amọ̀."

"Àmọ́ kí ni?"

"Amọ̀ ni mo wí."

"Mo gbọ́ 'àmọ́', Màmá. Ẹ parí ọ̀rọ̀ yín. Wọ́n kọ́ ọ, àmọ́..."

"Amọ̀! Erùpẹ̀ tí wọ́n fomi pò, tí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀! Ṣé kò sí amọ̀ níbi tí wọ́n bí ọ sí ni?"

"Níbi tí wọ́n bí mi sí, síméńtì ni gbogbo ibẹ̀."

"Ó hàn. Ó ti le mọ́ ọ lórí."

Akọ̀wé ò ká èyí sí àbùkù. Ó tẹ òǹtẹ̀ mọ́wèé. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nìyẹn, irú ẹ̀ gan-an nìjọba ń wá."

Màmá mí kanlẹ̀. Ó ti ń ronú ẹni tó máa bẹ̀ wá mọ ògiri.

"Ó wá ku ìwé ìdójútòfò nìkan."

"Ìdójútì wo tún nìyẹn? Èyí tí mo ti rí láàárọ̀ yìí ò tíì tó?"

"Ìdójútòfò! Àwọn tó máa bá yín dójú tó òfò. Bílé bá jó, bílé bá wó, àwọn ni wọ́n máa sanwó ẹ̀. Láìsí ìwé wọn, ìjọba ò lè fún yín ní nǹkan kan. Fèrèsé kejì nibẹ̀."

Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ni fèrèsé kejì. Bí Màmá ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ níwájú, bẹ́ẹ̀ ni akọ̀wé ń wọ́ àga rẹ̀ lọ lẹ́yìn gíláàsì. Ó fa táì kan yọ lápò, ó dè é mọ́rùn, ó jókòó.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Kí la lè ṣe fún yín?"

Màmá wò ó láti orí dé àyà. "Ṣé ìwọ kọ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀?"

"Akọ̀wé ìrìn-àjò afẹ́ lẹ̀ ń wí. Ti ìdójútòfò lèmi."

"Ẹ mà jọra o."

"Wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Kí ni wọ́n fi kọ́ ilé yín?"

Ẹ̀kọ́ ti wọ Màmá lára. "Erùpẹ̀ tí wọ́n fomi pò, tí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀."

"Ẹ ò kúkú sọ pé amọ̀."

"Ọlọ́run ṣeun. Èyí gbọ́ èdè díẹ̀."

"A kì í gba ilé amọ̀, Màmá. Òjò lè là á."

"Òjò ti là á. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn."

"Ẹ̀ẹ́n! Òfò tó bá ti ṣẹlẹ̀ kò kàn wá mọ́. Èyí tí kò tíì ṣẹlẹ̀ la ń dójú tó."

"Èyí tí kò tíì ṣẹlẹ̀, ṣé nǹkan ni? Òfo ni. Adójútòfo ni yín."

"Òfò, Màmá. Ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀ níparí."

"Ibi tó yẹ kó dúró sí ló dúró sí."

Màmá sún mọ́ gíláàsì. Ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀ lóòótọ́. "Wò ó, ọmọ mi. Àlejò mẹ́rin ń bọ̀ wá bá mi lọ́jọ́ mẹ́fà òní. Àbúrò mi ọkùnrin ti mú ẹnì kan wá tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà, tó fẹ́ fi kọ́ ilé epo. Ohun tó ń sọ fún gbogbo ẹbí ni pé ilé náà ò lẹ́mìí mọ́. Bí ògiri yẹn bá fi wó lójú àlejò, kí ni mo fẹ́ sọ?"

Akọ̀wé wo aago. "Ó rọrùn. Ẹ wó ilé amọ̀ yẹn, kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀ ni màá fún yín níwèé."

Màmá yí padà, ó gba fèrèsé kìíní lọ. Lẹ́yìn gíláàsì, àga ń han bọ̀ nílẹ̀, táì ti wọ àpò.

"Bí mo bá fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ, ṣé ẹ máa ràn mí lọ́wọ́?"

"Búlọ́ọ̀kù kẹ̀? Ká má rí i! Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé là ń wí. Ta ló gbà yín nírú ìmọ̀ràn burúkú yẹn?"

"Ọ̀gbẹ́ni kan tó de táì."

"Àwọn yẹn! Wọn ò mọṣẹ́."

"Ẹ̀yin méjèèjì ò lè jọ jókòó kí ẹ sọ ọ́?"

"A kì í bára wa sọ̀rọ̀. Ìwé la máa ń kọ síra wa."

"Ta ló ń mú ìwé náà lọ?"

"Èmi ni."

"Báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí mo bá gba ìsinmi, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá." Ó tún wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Ó tiẹ̀ tún ku nǹkan kan. Àwọn oníṣòwò kéékèèké la ń ràn lọ́wọ́, kò gbọdọ̀ ju yàrá mẹ́wàá. Ogún sì ni tiyín."

"Ta ló ní ogún yàrá? Méje ni!"

"Ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́ pé ogún."

"Ogún tí wọ́n ń jẹ ni mo wí!"

Akọ̀wé fi bírò sílẹ̀. Ẹ̀rù díẹ̀ bà á. "Ẹ ti jẹ yàrá mẹ́tàlá níbẹ̀?"

Màmá wò ó títí. Ó ti fẹ́ bú u, ṣùgbọ́n ó rí i pé ibi tí èébú máa wọ̀ sí gan-an ni síméńtì wà.

"Láti ìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ilé mélòó lẹ ti ràn lọ́wọ́?"

"Ẹyọ kan."

"Ti ta ni?"

"Ibí yìí. Ẹ ò rí i bí ọ̀dà ẹ̀ ṣe ń dán?"

"Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni?"

"Ọdún mẹ́ta péré ni. Ṣùgbọ́n ó ń bọ̀ wá gbó."

"Kò ní pẹ́ gbó," ni Màmá wí bó ṣe ń jáde, "pẹ̀lú ohun tí wọ́n kó sínú ẹ̀."

Nígbà tó délé, kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ò rí nǹkan gbà. Ó ká ìró sókè dé orúnkún, ó gbẹ́ amọ̀ nínú ọgbà ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Orúnkún ń dùn ún wọ egungun. Nígbà tí àwọn àlejò mẹ́rin náà fi dé, inú amọ̀ ni wọ́n bá a. Ojú tì í. Ó ń wá ibi tó máa gbà sá wọlé. Àfi bí wọ́n ṣe bọ́ bàtà tí wọ́n kó sínú amọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ àwọn. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi mọ ògiri náà tán. Àbúrò rẹ̀ tún mú onílé epo wá. Ẹ̀rín àwọn àlejò ló pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Onílé epo dúró, ó wò wọ́n, ó ní ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ò ní pẹ́ wá sílùú, ṣé àyè ibùsùn kan máa wà? Àbúrò ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ilé epo mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni akọ̀wé yọ lójú ọ̀nà, ó gbé pátákó páànù ńlá kan rù, ó ń làágùn, kámẹ́rà ń fì lọ́rùn rẹ̀ níbi tí táì máa ń wà.

"Màmá, ẹ kú oríire! Ìwé yín ti dé fèrèsé kejì!"

"Kí lo gbé yẹn?"

Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó kà á sókè. "'Ìrànlọ́wọ́ ìjọba ló gbé ilé yìí dúró.'"

"Ìrànlọ́wọ́ wo?"

"Èyí tó ń bọ̀."

"Bí kò bá wá dé ńkọ́?"

"Pátákó ti kọ́kọ́ dé ná. Ẹ jẹ́ ká rì í síwájú ilé, kí n ya fọ́tò, kí gbogbo ayé rí i."

Màmá fi ìka kan pátákó náà. Páànù tó ki ni, tuntun gbáà, kò sí ihò kan lára ẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, ó rẹ́rìn-ín sí akọ̀wé.

"Ẹ̀yìnkùlé ni kó o gbé e gbà, ọmọ mi. Ilé adìyẹ mi ń jò."