Àjàdí, Kámẹ́rà àti Ìyá Ìyàwó Rẹ̀

Ṣé ẹ mọ ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe tí wọ́n ń pa pé ẹni tí yóò ya fọ́tò nínú òkùnkùn kì í ní àna? Ẹ má rò pé ọtí ló ń pa wọ́n. Àjàdí Ọ̀ṣúndáre ló fà á.

Òun àti Láòpó ló jọ ń du oyè Baálẹ̀. Kábíyèsí, tí ààfin rẹ̀ jìnnà sí wọn, ní kí kálukú fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí fóònù òun kí oòrùn tó wọ̀, kí òun lè mọ ojú ẹni tí òun fẹ́ fi joyè.

Láòpó jókòó sínú oòrùn, wọ́n ya tirẹ̀ kíá, ó lanu bí ẹja. Àjàdí ọlọ́gbọ́n kọ̀. Ó ní oòrùn á sọ òun di dúdú, bíi pé ìdí ìkòkò tún lè dúdú ju bó ti wà lọ. Yàrá ló jókòó sí, ó ti fèrèsé pa, ó ku àtùpà kan. Bísóyè ayàfọ́tò ní kí òun tan iná ara kámẹ́rà, Àjàdí ní rárá, iná yẹn máa ń mú òun ṣẹ́jú.

"Bàbá," ni Bísóyè wí, "ṣé ẹ máa ń gbé ife síta gba òjò? Ife kéékèèké ló kún inú kámẹ́rà yìí. Ìmọ́lẹ̀ ni òjò tiwọn. Èyí tó bá kún a funfun, èyí tó bá gbẹ a dúdú, ibẹ̀ ni àwòrán ti ń jáde. Níta, òjò ńlá ń rọ̀. Nínú yàrá yín yìí, ìrì ló ń sẹ̀, a ó dúró pẹ́ kí ife tó rí nǹkan gbà. Bí ẹ bá mira, ìmọ́lẹ̀ imú yín á bọ́ sínú ife etí."

"Ìwọ ṣáà yà mí. Ta ló bi ọ́ ní ti òjò?"

Ó le gbagidi lórí àga. Aládùúgbò kan kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kú ilé o." Àjàdí mi orí sí i. Nígbà tí Bísóyè fi àwòrán hàn án, imú rẹ̀ ti di mẹ́ta.

"Èwo ni tèmi níbẹ̀?"

"Gbogbo wọn ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí ẹnikẹ́ni mọ́. Oòrùn ti ń wọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló kù."

Bísóyè tún tẹ kámẹ́rà. Ìgbà náà ni ìyá ìyàwó Àjàdí wọlé.

"Ẹ kú ilé, àna mi."

Àjàdí tẹjú mọ́ kámẹ́rà. Oyè ló ń rò.

"Àna mi, mo ní ẹ kú ilé."

Ó di eyín pọ̀.

"Ó dáa. Kò tíì joyè, kò mọ̀ mí mọ́. Ẹ jẹ́ n wọlé lọ bá ọmọ mi, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ ká máa lọ."

Àjàdí balẹ̀ gbì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Nínú fọ́tò, àga hàn kedere, títí dé ibi tí ìrọ̀rí rẹ̀ ti ya. Èéfín kan dé fìlà lórí rẹ̀, òmíràn nà sílẹ̀ẹ́lẹ̀: Àjàdí ni méjèèjì. Oòrùn ò dúró de ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni Bísóyè ṣe fi í ránṣẹ́.

Kábíyèsí bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún wò ó. "Èyí níwà pẹ̀lẹ́," ni ó wí, "ó mọ bí a ti ń dúró jẹ́ẹ́. Àmọ́ a kì í fi àga jẹ Baálẹ̀." Bí Láòpó ṣe joyè nìyẹn, tòun ti ẹnu rẹ̀ tó là sílẹ̀.

Ìyá ìyàwó nìkan ni inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí wọ́n gbé fọ́tò náà kọ́ sí pálọ̀, pé òun ò rí irú èéfín tó mọ ìwà hù tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ lọ bi Àjàdí lónìí bóyá ó kábàámọ̀ pé òun sá fún oòrùn. Á ní oòrùn ò sí lọ́rọ̀ náà rárá. Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́, àwọn àgbà kàn gbà á lẹ́nu rẹ̀ ni: ẹni tí yóò ya fọ́tò nínú òkùnkùn kì í ní àna.