Àlàájì Tó Yán Ní Àyánjù

Ẹ bá mi kí Àlàájì Taofeek, Ẹnu-bí-géètì, ọkùnrin tí oorun máa ń kùn nígbà tí ẹlòmíràn bá ń sọ̀rọ̀. Ní ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa ní Ọ̀fà, bí èèyàn bá ti dìde báyìí, Àlàájì á yán. Yíyán a sì máa ràn. Kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tó dé ìdajì, gbogbo ilé á ti máa yán, olúwarẹ̀ á rọra jókòó. Èmi náà ti bá wọn yán rí.

"Ẹnu tó bá fẹ̀ ni oyè ń gbà wọlé," Àlàájì ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ló bá fẹ́ jẹ alága wa. Ọwọ́ alága ni kọ́kọ́rọ́ kànga ẹ̀rọ tuntun máa wà, Àlàájì sì ní dandan ni kí a máa tì í pa, kí ó má bàa tètè bàjẹ́. Ẹ má bi mí ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá ládùúgbò.

Mọ́mì Susannah, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń bá a du ipò náà. Lọ́jọ́ ìbò, Mọ́mì dìde.

"Ẹ jẹ́ kí kànga yìí wà ní ṣíṣí láti àárọ̀ dalẹ́..."

Àlàájì yán.

"Kí ẹni tó ń bọ̀ láti Ìjàgbó pàápàá lè bu omi mu..."

Àlàájì tún yán, ó na apá méjèèjì bí àkùkọ tó fẹ́ kọ.

"Àlàájì, ṣé ẹ ò sùn ni?"

"Ọ̀rọ̀ yín ni, Mọ́mì. Oògùn oorun ni."

Ilé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá a. Ó ní kí òun fi yíyán kẹta pa ọ̀rọ̀ Mọ́mì pátápátá, ó ya ẹnu títí a fi rí bèlúbèlú rẹ̀. A gbọ́ "kọ̀!" Ẹnu kò ṣeé pa dé mọ́.

"Aaa," ni Àlàájì wí.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, wọn ò tíì yán tán," Àjàní akọ̀wé dáhùn. "Ẹ jẹ́ ká dìbò. Ẹni tó bá fẹ́ Mọ́mì, kó na ọwọ́ sókè."

Àlàájì na méjèèjì, ó ń jù wọ́n fìrìfìrì. Ìrànlọ́wọ́ ló ń wá. Àwọn tí Àlàájì ti pín omi ọ̀rá lọ́fẹ̀ẹ́ fún nítorí ìbò rí i pé ọ̀gá àwọn na méjì, àwọn náà bá sáré na ọwọ́.

"Ẹ sọ ọ̀kan kalẹ̀, Àlàájì! Ìbò kan ni ti ẹnì kan."

"Aaa! Aaa!"

"Wọ́n ní ó tẹ́ àwọn lọ́rùn. Kò sẹ́ni tó takò ó. Mọ́mì wọlé!"

Itọ́ ti ń ro sórí agbádá kí Mọ́mì tó pariwo pé, "Kì í ṣe pé ó ń yán o, àgbọ̀n rẹ̀ ló yẹ̀!" Mọ́mì fi aṣọ wé àtàǹpàkò wọn, wọ́n kì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n tẹ àgbọ̀n náà sísàlẹ̀, wọ́n tì í sẹ́yìn. Kọ̀! Ó padà sáyè rẹ̀. Wọ́n tú gèlè orí wọn, wọ́n fi di àgbọ̀n Àlàájì, wọ́n ta kókó rẹ̀ sí àtàrí rẹ̀ bí etí ehoro.

"Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ẹ ò gbọdọ̀ ya ẹnu. Ṣé ẹ gbọ́?"

Àwa la wá la ẹnu sílẹ̀ tí à ń wò ó.

Àlàájì fi eyín pa eyín pọ̀, ó sọ̀rọ̀ láàárín rẹ̀:

"Ẹ ṣé, Alága."