Bí Ẹṣin Ọba Ṣe Gun Balógun

Ṣé ẹ ti bi ara yín rí, kí ló fà á tí àwọn àgbà fi ń sọ pé, "Ẹni tó gun ẹṣin wọ àbàtà, ẹṣin ni yóò gùn ún jáde"? Ẹ lè máa rò pé àwàdà lásán ni. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ọ̀dànlá ni ìlú àwọn ẹlẹ́ṣin. Pápá ni ilẹ̀ wọn, ó tẹ́ lọ bí ẹní, ẹṣin wọn kò sì rí ẹni dá a dúró níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ gbógun ti Etí-Àbàtà, ìlú kan láàárín igbó, ẹṣin Balógun Ògúnkọ̀yà ń tiro, ló bá lọ yá ti ọba.

Ọba ní, "Mú un lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹṣin mi kò bá wálé, kí ìwọ náà má wálé."

Gbogbo ààfin mọ̀ pé ọba kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Bí wọ́n ṣe dé ẹnu igbó ni òjò ṣú. Ọ̀tún, igbákejì Balógun lójú ogun, wo òkè, ó wo ilẹ̀.

"Balógun, ẹ jẹ́ ká so ẹṣin mọ́lẹ̀ níbí, ká fẹsẹ̀ rìn. Ilẹ̀ yìí rọ̀."

"Kí n fẹsẹ̀ rìn lọ bá àwọn apẹja? Ọ̀tún, ṣé ẹ̀rù wọn ló ń bà ọ́ ni?"

"Ẹ̀rù ẹṣin ọba ló ń bà mí."

Balógun fẹsẹ̀ gbá ẹṣin níhà, ó wọ igbó.

Ọ̀kọ̀ gígùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í há sára ìtàkùn. Òjò dé, ẹ̀tù ìbọn tutù. Ẹ̀wù ogun wọn, tí wọ́n ki òwú sínú rẹ̀ kí ọfà má baà wọlé, mu omi títí ó fi wúwo bí òkú màlúù. Ẹṣin ọba náà wọ irú rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó rì dé ikùn. Àwọn ẹlẹ́ṣin tó wà lẹ́yìn kò bèèrè nǹkan kan. Wọ́n yí padà.

Ọ̀tún nìkan ló dúró. Ó ní, "Balógun, ẹ fi í sílẹ̀, ká sá!"

"Kí n sá lọ síbo? O ò gbọ́ ohun tí ọba wí ni?"

Ó bọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú ẹṣin, ó ń fọwọ́ wa ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde. Ọ̀tún gun bèbè, ó ń fa ìjánu. Lójijì, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ dákẹ́.

Àwọn ará Etí-Àbàtà ti wà lórí igi. Bàǹtẹ́ lásán ló wà nídìí wọn. Ewé kókò ni wọ́n fi wé ọfà wọn, omi kankan kò kàn án. Jagùnnà, olórí wọn, na ọwọ́ sókè. Bó bá sọ ọ́ kalẹ̀, Balógun ti lọ nìyẹn.

Ìgbà náà gan-an ni ẹṣin ń wá ibi líle tí yóò tẹ̀. Ẹ̀yìn Balógun nìkan ló rí. Ó gbé ẹsẹ̀ iwájú lé e, ó gbé ti ẹ̀yìn lé e, ó fò sórí bèbè. Imú Balógun nìkan ló ṣẹ́ kù lókè ẹrọ̀fọ̀.

Jagùnnà ní, "Ta ló ń gun ta níbẹ̀ yẹn?"

Ọ̀tún ní, "Bàbá, Balógun ló gùn ún wá. Ó ti kan ẹṣin báyìí."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín títí ó fi jábọ́ lórí igi. Jagùnnà fẹ́ fọwọ́ bo ẹnu tirẹ̀, ó rántí pé bí òun bá sọ ọwọ́ yẹn kalẹ̀, ọfà yóò fò. Ó fi ọwọ́ kejì bò ó.

"Ẹ má ta á! Èyí kì í ṣe jagunjagun, afárá ni. A kì í bá afárá jà."

Ọ̀tún fa Balógun jáde, wọ́n sì fa ẹṣin lọ sílé. Bí Balógun ṣe dọ̀bálẹ̀ láàfin, ọba rí ojú pátákò ẹṣin lẹ́yìn rẹ̀.

"Ògúnkọ̀yà, ẹsẹ̀ ta nìyí?"

"Ẹsẹ̀ ẹṣin yín ni, Kábíyèsí. Ẹ ní kó wálé."

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni ní Ọ̀dànlá bá fẹ́ fi ohun ìjà pápá wọ igbó, àwọn àgbà á ní kó yí ẹ̀yìn padà kí àwọn wò ó bóyá ó gbòòrò tó. Ẹni tó gun ẹṣin wọ àbàtà, ẹṣin ni yóò gùn ún jáde.