Kànga Tó Yọ Lábẹ́ Ẹ̀rọ Ìránṣọ

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ lánàá tó mú kí àwọn ìgbìmọ̀ gbàgbé pé ebi ń pa wọ́n. Ìyá Alágbàfọ̀ ló pe agbẹ́kànga lẹ́jọ́.

"Baálẹ̀, mo ní kó gbẹ́ kànga ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà fún mi. Ó ní òun ti gbẹ́ ẹ tán. Mo ju korobá sí i, eruku ló gbé wá fún mi. Odò ni mo ṣì ń ru aṣọ oníbàárà lọ, ẹ̀yìn mi sì ti fẹ́ kán."

"Ọgbọ̀n náà pé, Bàbá," ni agbẹ́kànga dáhùn. "Mo gbẹ́ méjìlá, mo kan òkúta. Òkúta náà ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Mo bá yà sọ́tùn-ún."

"O yà sọ́tùn-ún nínú kànga?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Iye ni wọ́n sọ fún mi, wọn ò sọ ibi tó ń lọ."

"Ta ló ń júwe ìsàlẹ̀ fún agbẹ́kànga?" Ìyá Alágbàfọ̀ bi í.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì wà nínú ìgbìmọ̀. Ó ti ń fi ìka ṣírò. "Méjìdínlógún nìyẹn. Méjìlá tó kù ńkọ́?"

Agbẹ́kànga wolẹ̀. "Mo gbà á lọ sókè, sà."

Aránṣọ tó múlé ti kànga dìde. "Yàrá mi ló gbà á lọ. Mo ń rán ṣòkòtò lọ́wọ́, ilẹ̀ là lábẹ́ ẹ̀rọ mi, orí ọkùnrin yìí yọ, ó ní, 'Ẹ kú iṣẹ́ o.'"

"Ṣé kí n má kí yín ni?"

Wọ́n pe àbúrò ìyàwó agbẹ́kànga, tó ń bá a di okùn mú.

"Mo wọ̀n ọ́n, Baálẹ̀. Ọgbọ̀n géérégé, ó sì kan omi."

"Èmi ò sọ pé ó kan omi," ni agbẹ́kànga rọra sọ.

"Mo fọwọ́ kàn án. Ó tutù."

"Ẹ̀yìn ẹ̀wù ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ lo fọwọ́ kàn," ni aránṣọ sọ. "Ó làágùn láti ibẹ̀ dé ilé mi."

Baálẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. "Agbẹ́kànga, ìṣísẹ̀ mélòó ni láti ibí dé ilé rẹ?"

"Igba, Bàbá."

"Máa lọ sílé. Rin ọgọ́rùn-ún síwájú, kí o fi ẹ̀yìn rin ọgọ́rùn-ún yòókù padà. Igba náà á pé. Bí o bá délé, o jàre. Bí o ò bá délé, wàá dí ilẹ̀ yàrá aránṣọ, wàá fọ́ òkúta yẹn, wàá sì wálẹ̀ tààrà títí omi á fi kàn ọ́ lẹ́sẹ̀."

Ó lọ, ó ń kà á sókè. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ń fa okùn tẹ̀lé e. Nígbà tó ka igba, iwájú Baálẹ̀ náà ló dúró sí.

"Ó pé, Bàbá."

"Ó pé. Ṣé ìyàwó rẹ ti bu oúnjẹ fún ẹ?"

Agbẹ́kànga wo ọ̀nà ilé rẹ̀, ó wo Ìyá Alágbàfọ̀ tó gbé korobá òfìfo sórí itan.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ta ló ní òòlù ńlá ládùúgbò yìí?"