Ẹja Kìnnìún Lé Àwọn Oníbàárà Àlájà Lọ

Ọjọ́ ọjà kan wà nílùú Bantè tí kò kúrò lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó máa lọ.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe ní rédíò. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹja kìnnìún ni mo sọ̀rọ̀ lé lórí: ẹja arẹwà tó ní ẹ̀gún olóró lẹ́yìn, tó ya wọ òkun tí kì í ṣe tirẹ̀, tó ń gbé ọmọ àwọn ẹja onílé mì, tí òkìtì iyùn abẹ́ omi sì ń kú nítorí rẹ̀. Òkun ìhà Amẹ́ríkà ló ti ń ṣe gbogbo èyí. Ìyẹn gan-an ni mo fi pamọ́ dìgbà ìparí, kí ọ̀rọ̀ lè dùn. Iná lọ kí n tó débẹ̀.

Kò pẹ́, ọlọ́kadà kan, àwọn tí à ń pè ní sẹ̀míjàn, wá bá mi. "Ọ̀gá, àwọn ẹlẹ́ja ń pè yín lọ́jà."

Mo rò pé wọ́n fẹ́ yìn mí ni. Mo tún ṣẹ́ẹ̀tì mi ṣe.

Àlájà Mẹ̀munà, tó ń fi yìnyín gbé ẹja òkun wá láti Kútọnu, dúró ti kúlà rẹ̀. Yìnyín ti ń yọ́, kò sì sí oníbàárà kankan.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. "Àwọn ará ìlú Koko tó máa ń ra ẹja lọ́wọ́ mi ti gbọ́ rédíò yín, wọ́n ti yà sọ́dọ̀ ẹlẹ́ran. Gbogbo ohun tí mo ní ló wà nínú kúlà yìí, kò sì ní rí ọ̀la. Ẹja mi ha gé yín jẹ rí?"

"Rárá, Àlájà. Òkun Amẹ́ríkà ni mò ń sọ."

"A ò gbọ́ Amẹ́ríkà."

Tíṣà kan láàárín àwọn tó dúró wòran dá sí i. "Ta ló ń béèrè káàdì lọ́wọ́ ẹja ní ibodè?"

Ẹ̀rín sọ. Orí mi gbóná. "Àlájà, ẹ dín ọ̀kan. Màá jẹ ẹ́ lójú gbogbo wọn."

Ó dín èyí tí egungun rẹ̀ pọ̀ jù. Mo bù ú sẹ́nu, mo sì ń sọ̀rọ̀ lọ bí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ: "Ẹ̀yin ará, kò sí oró kankan nínú…" Egungun há mi lọ́fùn. Ojú mi yọ síta, mo wúkọ́ títí, mo sì jókòó sínú omi yìnyín.

"Oró ti mú un," ẹnì kan ní. Wọ́n tú ká.

Àlájà nìkan ni kò sá. Ó gbá ọrùn mi mú, ó ti òkèlè iyán ọ̀sán rẹ̀ bọ̀ mí lẹ́nu. "Gbé e mì. O ò ní bà mí lọ́jà jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lónìí." Egungun bá iyán lọ. Ó wá mú ìyókù ẹja mi, ó jẹ ẹ́ tán ní ìdúró, ó sì kọjú sí àwọn tó ń yọjú wò wá láti ọ̀ọ́kán. "Ọ̀rọ̀ ló há a lọ́fùn. Ta ló ń jẹun tó tún ń ka ìròyìn?"

Tíṣà ló kọ́kọ́ rà. Kí oòrùn tó wọ̀, kúlà ti ṣófo.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ní kí n lọ sọ lórí rédíò pé irọ́ ni ìròyìn náà. Mo kọ̀. Òótọ́ ni pé ẹja kan ń jẹ òkun olókun run, mi ò sì ní tìtorí omi yìnyín tó rin ṣòkòtò mi sẹ́ ẹ. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, Amẹ́ríkà ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́ nìyẹn: ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ ni kí akọ̀ròyìn kọ́kọ́ sọ, kó sì gbé oúnjẹ mì kó tó sọ ọ́. Bí mo bá kọjá lọ́jà báyìí, àwọn ẹlẹ́ja a máa bi mí bóyá ebi ń pa mí. Èmi náà a rẹ́rìn-ín, màá sì rán wọn létí pé ọ̀rọ̀ ẹja kìnnìún ṣì kù nílẹ̀.