Nàìjíríà tí Tíṣà Ọládèjì Fi Amọ̀ Mọ

Tíṣà Ọládèjì kò kọjá Ìbàdàn rí láyé rẹ̀, òun náà ló ní òun fẹ́ fi amọ̀ mọ gbogbo Nàìjíríà síwájú ilé-ìwé.

Gbogbo ẹ̀ o! Tòkè-todò!

Ọdún tí ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀fẹ́ ni. Àárín Ìlobù àti Ìfọ́n ni ilé-ìwé náà wà, ọmọ ìlú méjèèjì ló kún ibẹ̀. Alábẹ̀wò ilé-ìwé ń bọ̀, Ọládèjì sì ti gbọ́ pé bí iṣẹ́ òun bá wu ọkùnrin náà, òun di hẹdimásítà nìyẹn. Kí ni kò ṣe tán? Ó ti ń kọ́ bí hẹdimásítà ṣe ń húkọ́.

"Hùkù! Hùkù-hùn!"

Ó po amọ̀. Ó gbẹ́ òkun sápá ìsàlẹ̀, ó da omi iyọ̀ sí i. Ó wa Odò Ọya, ó wa Bẹ́núé, ó jẹ́ kí wọ́n pàdé ní Lọ́kọ́jà. Ó mọ òkè Jọ́ọ̀sì gogoro, ó kó yanrìn gbígbẹ dà sí Sókótó. Ewé tútù ló fi ṣe igbó Oǹdó. Ewúrẹ́ jẹ Oǹdó tán, ó ń lá ẹnu lọ sí Bìní kí ó tó rí i lé. Níkẹyìn, ó he òkúta wẹ́wẹ́ méjì, ó tò wọ́n síra. Ọ̀kan ni Ìlobù, èkejì ni Ìfọ́n.

Òpònú! Ta ló rán an sídìí ìjà ààlà?

Àárọ̀ ọjọ́ tí alábẹ̀wò máa dé gan-an ni Bàbá Sàlàkọ́, àgbẹ̀ ará Ìlobù, ń kọjá lọ sóko, ọkọ́ léjìká.

"Tíṣà, kí ni jágbajàgba yìí?"

"Nàìjíríà ni, Bàbá. Ẹ wò ó, Ìlobù rèé."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Èyí tó dà bí ìgbẹ́ ewúrẹ́ yìí?"

"Nàìjíríà ló tóbi, Bàbá."

"Mo gbọ́. Ta wá lèyí tó jókòó lé oko bàbá mi lórí?"

"Ìfọ́n ni, Bàbá."

Yéè! Kò bá ti dákẹ́!

Bàbá Sàlàkọ́ kò bá a jiyàn. Ó gbé ọkọ́ sọ̀, gbì! Ó kọ ebè kan lé Ìlobù lórí, ebè gidi tí iṣu ń ta sí. Ebè bo Ìfọ́n, ó bo Òṣogbo, ó tẹ Ọ̀yọ́ pa.

"Ó kù díẹ̀ kó tó," ló wí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ ni Ìyá Mọ́ríátù, elépo ará Ìfọ́n, gbé oúnjẹ ọmọ rẹ̀ dé.

"Tíṣà, Ìfọ́n tí ọmọ mi ń ròyìn dà?"

"Ó... ó wà lábẹ́ Ìlobù, Ìyá."

"Abẹ́ ta?"

Ó fi igbe ta. Ọkọ rẹ̀ dé, ẹbí ọkọ rẹ̀ dé, tọkọ́tọkọ́. Gbì! Gbì! Gbì! Ìfọ́n gba Èkó. Ìlobù gbọ́, àwọn náà tú jáde, wọ́n gba Kánò. Ìfọ́n dí òkun pa. Ìlobù ro òkè Jọ́ọ̀sì palẹ̀. Odò Ọya ńlá di poro láàárín ebè.

Ọládèjì ń sáré kiri bí adìyẹ tí ń wá ibi yé sí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ Bẹ́núé! Bàbá, Sókótó lẹ dúró lé yẹn!"

"Sókótó wo?" Bàbá Sàlàkọ́ lanu. "Bàbá bàbá mi ló ń dáko síbẹ̀!"

Bàbá tí kò dé Ìkìrun rí! Ẹ̀rín ń pa mí!

Wọ́n ń jà síbẹ̀ ni mọ́tò alábẹ̀wò dé. Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, kóòtù funfun, bàtà tó ń dán yinrin. Gbogbo wọn fi ọkọ́ pamọ́ sẹ́yìn. Hẹdimásítà ọ̀la ń làágùn.

"Kí ni gbogbo èyí?"

"Nàìjíríà ni, sà."

"Òkun dà?"

"Ìfọ́n ti dí i, sà."

"Òkè Jọ́ọ̀sì ńkọ́?"

"Ìlobù ti ro ó, sà."

"Sókótó?"

Ọládèjì sorí kodò. "Wọ́n ti gbin ẹ̀gẹ́ sí i, sà."

Alábẹ̀wò bọ́ kóòtù. Ó tán! Ọládèjì mọ̀ pé ká má tilẹ̀ sọ ti hẹdimásítà, iṣẹ́ tíṣà gan-an ti lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú Odò Ọya.

"Ẹ ṣàánú mi, sà! Ìyá mi ti darúgbó!"

Ọkùnrin náà kò wò ó. Ó ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó ń fojú wá Nàìjíríà láti ebè dé ebè, ojú rẹ̀ sì ń pọ́n bọ̀.

"Ọmọ bíbí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni mí," ló wí. "Ẹ̀rìn dà?"

Ó fẹsẹ̀ tú ebè kan.

"Hẹdimásítà! Dìde ńlẹ̀, wá ọkọ́ fún mi!"